Bí Ẹ̀rọ Àwo Bá Kọ̀ tí Kò Kọ Mọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àwàdà létí ẹni tí kò tí ì bá ẹ̀rọ wọ ìjàkadì rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ọ̀gànjọ́ òru, tí ó ń bẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń bú u, tí ẹ̀rọ náà kò dá a lóhùn, yóò mọ̀ pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni òwe náà. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Kí ni ó ń fà á tí ẹ̀rọ tí ń kọ ohùn àti àwòrán sí orí àwo fi ń kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Báwo ni a sì ṣe lè mọ ibi tí àrùn rẹ̀ gbé wà, láìjẹ́ pé a ba èyí tí ó sàn jẹ́ mọ́ èyí tí kò sàn?

Ní ọdún 2011, ní àkókò ọyẹ́, mo lọ kí ìyá bàbá mi ní abúlé. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún ní ìgbà náà, ojú wọn kò sì ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn ṣì dún bí agogo. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé tí ó ti pẹ́ ní agboolé, àwọn nìkan ni ó kù tí ó lè ki oríkì orílẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣìnà. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi jókòó níwájú wọn tí mo ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé Ìbàdàn, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi, mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ, ó sì jẹ́ ohun tí a lè gbọ́ fún ìṣẹ́jú 70. Èrò mi ni pé kí n kọ ọ́ sí orí síídì, kí n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò mi. Nítorí ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Ìlọrin, ẹ̀kẹta sì wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí kò tí ì gbọ́ oríkì ilé wọn rí.

Mo lọ sí ọjà, mo ra àwo òfìfo mẹ́wàá. Wọn kò sí nínú páálí, wọn kò sì ní orúkọ lára. Inú ọ̀rá ni ẹni tí ó tà á fún mi kó wọn sí, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Mo ti èkínní bọ ẹnu ẹ̀rọ, mo sì pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó máa kọ. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi dúró, tí ó sì kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe. Mo ti èkejì bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, títí ó fi di ìkeje. Inú bí mi. Mo rántí pé ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, àkọ́bí mi ọkùnrin fi kọ̀ǹpútà náà wo fíìmù. Mo pè é, mo sì bá a wí kíkankíkan pé òun ni ó ba ẹ̀rọ jẹ́. Ọmọ náà ń sọ pé òun kò ṣe é ní nǹkan kan, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́. Àìtètè mólè, olè mú olóko; òwe yìí ni èmi àti àwọn àwo méje tí mo ti bàjẹ́ jọ ṣe ní ọjọ́ náà, bí ẹ ó ti rí i.

Ní ọjọ́ kejì, mo ránṣẹ́ pe géńdékùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò wa. Mo ní kí ó bá mi yọ ẹ̀rọ àwo náà jù nù, kí ó sì fi tuntun sí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ dákun, Bàbá, ẹ má tí ì náwó. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè. Ẹ̀rọ kì í parọ́. Àwa ni a kì í bi í dáadáa." Ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ àwọn ìbéèrè tí ó bi í, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwo náà jẹ́ àti bí a ti í kọ nǹkan sí i. Nítorí ẹni tí kò mọ bí ara ti rí nígbà tí ó le kò lè mọ ibi tí àìsàn gbé wà.

Síídì kì í ṣe àjèjì pátápátá sí wa. Àwọn bàbá wa mọ àwo orin tí à ń fi sí orí gírámófóònù. Nínú àwo ti àtijọ́ yìí, ohùn wà nínú poro tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó yí àwo ká, abẹ́rẹ́ a sì máa tọ poro náà lọ bí àgbẹ̀ ti í tọ poro oko. Nínú síídì, poro ṣì wà, ṣùgbọ́n kò sí abẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ alágbára kan tí à ń pè ní lésà ni ó gba ipò abẹ́rẹ́. Ilé-iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Họ́láńdì àti ilé-iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Jàpáánù ni wọ́n jùmọ̀ gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dé ọjà ní ilẹ̀ Jàpáánù ní ọdún 1982. Àwọn àwo ìgbà náà jẹ́ èyí tí a ti tẹ̀ ní ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó rà á lè gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi kún un. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni wọ́n ṣe àwo òfìfo tí olúkúlùkù lè kọ nǹkan sí fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1996 ni dífídì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà, òun náà tóbi bí síídì, ṣùgbọ́n ó ń gba nǹkan ju síídì lọ ní ìlọ́po mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a bá mú síídì òfìfo lọ́wọ́, a ó rò pé ohun kan ṣoṣo ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpele-ìpele ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ike tí ó mọ́ gaara. Lórí ike náà ni a tẹ́ aró tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí. Lórí aró ni fàdákà tí ó ń dán bí dígí wà. Lórí fàdákà ni ọ̀dà tí ó bò ó wà, níbi tí à ń kọ orúkọ sí. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò nípọn ju mílímítà 1.2 lọ, bẹ́ẹ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12. Poro tí ó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó sì ń yí po lọ sí etí. Àwọn poro náà súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láàrin mílímítà kan péré, ó ju 600 lọ tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ó bá ṣeé ṣe láti na poro inú síídì kan tọ́ọ́rọ́, gígùn rẹ̀ yóò ju kìlómítà 5 lọ.

Aró tí mo dárúkọ yìí ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo mọ bí àwọn aláró ti í ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọn a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí ara aṣọ funfun, wọn a sì ri aṣọ náà sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bò kì í mu aró, ibi tí kò bò a sì dúdú. Dúdú àti funfun tí ó tẹ̀lé ara wọn yìí ni ó di ọnà tí ojú ń rí. Bákan náà ni síídì rí. Ẹ̀rọ a máa fi ooru lésà sun aró náà ní ojú kan, a sì fi ojú kejì sílẹ̀. Ibi tí a sun kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa, ibi tí a kò sun a máa dá a padà. Nígbà tí a bá fẹ́ gbọ́ ohun tí a kọ, ẹ̀rọ a máa tan ìmọ́lẹ̀ sí poro náà, a sì máa ka ibi tí ó mọ́ àti ibi tí ó ṣú bí ẹni tí ń ka lẹ́tà. Nítorí sísun yìí ni àwọn oníṣẹ́ fi ń pe iṣẹ́ náà ní bọ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí ohun kan níhìn-ín, nítorí òun ni ó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú. Ẹ̀rọ kan lè ka àwo láìsí ìyọnu, síbẹ̀ kí ó má lè kọ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ka àwo kò lágbára rárá. Kò ju ti ẹni tí ó tan àtùpà kàwé lọ. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń kọ ní láti gbóná tó láti sun aró, nítorí náà ó ń lágbára ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju ti kíkà lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lè jókòó kí ó ka ìwé, ṣùgbọ́n kò lè roko. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ti ṣú tàbí tí lésà rẹ̀ ti darúgbó rí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ géńdékùnrin náà. Ìbéèrè kìíní tí ó béèrè ni pé, ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí mọ̀wé kọ tẹ́lẹ̀ rárá? Ó ṣàlàyé fún mi pé àmì wà ní iwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a bá kọ ROM nìkan sí lára, kíkà nìkan ni ó mọ̀. Èyí tí ó ní R lè kọ àwo ní ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tí ó ní RW lè kọ ọ́, kí ó pa á rẹ́, kí ó sì tún un kọ, bí àwo náà bá jẹ́ irú èyí tí a ṣe fún bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n ń kọ síídì, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé kíkà ni wọ́n lè ka dífídì. Ẹni tí ó bá ti dífídì òfìfo bọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ń dá ara rẹ̀ lágara ni. Ó wo ẹ̀rọ tèmi, ó rí i pé ó mọ̀wé kọ. Ìbéèrè kìíní ti tán.

Ìbéèrè kejì ni pé, ǹjẹ́ ẹrù náà kò ju ọkọ̀ lọ? Síídì kan ń gba mẹ́gábáìtì 700, tàbí orin ìṣẹ́jú 80. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe àṣìṣe níbí. Wọn a kó orin tí a ti fún pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, wọn a sì rò pé níwọ̀n ìgbà tí kò tó 700, gbogbo rẹ̀ ni yóò wọ àwo. Bí ó bá jẹ́ àwo orin gidi ni wọ́n fẹ́ ṣe, kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ tú orin náà sílẹ̀, yóò sì fẹ̀. Ìṣẹ́jú ni a ó fi wọ̀n ọ́, kì í ṣe mẹ́gábáìtì. Ti dífídì náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Wọ́n kọ gígábáìtì 4.7 sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà gbà ń ka iye yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó ṣe àwo, nǹkan bí 4.37 ni kọ̀ǹpútà yóò pè é. Ẹni tí ó bá di ẹrù 4.5 fún un, ẹrù náà kò ní wọlé. Ohùn ìyá àgbà jẹ́ ìṣẹ́jú 70, nítorí náà ó wọ inú síídì, àyè sì ṣẹ́kù.

Ìbéèrè kẹta ni pé, ǹjẹ́ oúnjẹ ń dé ẹnu ẹ̀rọ ní àkókò? Bí ẹ̀rọ ti ń kọ àwo, inú kọ̀ǹpútà ni ó ti ń gba ohun tí ó ń kọ. Ó ní ibi ìpamọ́ kékeré kan tí ó dà bí ìkòkò omi: kọ̀ǹpútà ń pọn omi sí i, ẹ̀rọ àwo sì ń bù ú mu. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìkòkò lè gbẹ kí iṣẹ́ tó parí. Ní àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, bí ìkòkò bá ti gbẹ, àwo náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn ti kọ́ bí a ti í dúró kí a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dé, síbẹ̀ ó sàn kí a pa àwọn ètò mìíràn, kí a má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sùn lójú iṣẹ́. Ó tún yẹ kí àyè wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, nítorí ó máa ń kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tí ó fẹ́ kọ sí ibì kan. Ẹ má sì gbàgbé iná mọ̀nàmọ́ná: bí iná bá kú nígbà tí àwo kò tí ì parí, kò sí àrà tí a lè dá sí i mọ́. Bí ẹ̀rọ àwo bá sì jẹ́ èyí tí a ń fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, okùn náà ni ó ń gbé agbára fún un. Okùn tí ó gùn jù tàbí tí ó ti ṣẹ́ lè gbé agbára tí ó tó fún kíkà, kí ó má tó fún kíkọ. Géńdékùnrin náà yẹ gbogbo ìwọ̀nyí wò, kò sí èyí tí ó ní àléébù.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan ìdánwò. Ó mú àwo orin kan tí a tẹ̀ ní ilé-iṣẹ́, ó ti i bọ ẹnu ẹ̀rọ. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó ní, "Bàbá, ẹ rí i, ẹ̀rọ yín kò kú." Ó wá mú àwo òfìfo tirẹ̀, èyí tí ó jáde láti inú páálí olórúkọ, ó sì ní kí ẹ̀rọ kọ ọ́ ní ọ̀nà kan náà tí mo ti ń lò. Ó dé ìdajì kí ó tó dúró. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n inú tirẹ̀ dùn. Ó ní tèmi kì í dé ibì kankan, ṣùgbọ́n tòun dé ìdajì. Nítorí náà àwo wà lára ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó jẹ̀bi.

Ó béèrè bí mo ti ní kí ẹ̀rọ náà yára tó. Mo ní èyí tí ó yá jù lọ ni, nítorí ta ni ó fẹ́ jókòó pẹ́? Ó mi orí. Ó ní ní ìyára tí a fi bẹ̀rẹ̀ ní àtètèkọ́ṣe, síídì kan ń gba ìṣẹ́jú 80 kí ó tó kún. Ẹ̀rọ tí ó bá ń sáré ní ìlọ́po 52 a máa yí àwo náà bí ìgbà 10,000 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí àwo bá ń yí báyìí, ìṣẹ́jú àáyá kékeré tí lésà ní láti sun ojú kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan mọ́, àwo tí kò tẹ́jú dáadáa a sì máa gbọ̀n. Ó dín ìyára náà kù sí ìlọ́po 16, ó sì mú àwo mìíràn nínú páálí tirẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, àwo náà parí! Mo fò sókè. Ṣùgbọ́n ó ní kí n má tí ì yọ̀. Ó ní kí kọ̀ǹpútà fi ohun tí ó kọ wé ohun tí a ní kí ó kọ. Nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò tán, àṣìṣe wà ní apá etí àwo, ní ibi tí a kọ kẹ́yìn. Bí a ti fi ọwọ́ ara wa dán an wò, ohùn ìyá àgbà ń ta kókó ní ibi tí oríkì gbé dùn jù lọ.

Nígbà náà ni ó pa kọ̀ǹpútà pátápátá, ó yọ okùn iná rẹ̀ kúrò, ó sì fa àtẹ àwo náà jáde. Ó fi dígí kékeré kan hàn mí tí kò tó ẹyọ àgbàdo. Èyí ni ojú ẹ̀rọ náà. Láti inú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. Eruku ọyẹ́ ti bò ó. Ó fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ó fi òwú rírọ̀ tí ó kan ọtí mímọ́ díẹ̀, irú èyí tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe ń lò, nù ún jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń nu ojú ọmọ titun. Ó dúró kí ó gbẹ. Kò lo kẹrosíìnì, kò lo omi, kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi gidigidi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀rọ àwo nígbà tí iná wà lára rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ lésà tí ó ń kọ síídì jẹ́ èyí tí ojú ènìyàn kì í rí dáadáa, síbẹ̀ ó lè ba ẹyinjú jẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìkìlọ̀ yìí sọ́kàn.

Nígbà tí ó tan kọ̀ǹpútà padà, ó mú àwo rere kan, ó fi í sí ìyára kan náà. Ó kọ ọ́ tán, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n ó tún mú ọ̀kan nínú àwọn àwo mẹ́ta tí ó ṣẹ́kù nínú ọ̀rá tèmi. Mo bi í pé kí ni ó tún ń wá. Ó ní, "Bí a kò bá dán an wò, a kò ní mọ̀ bóyá olè kan ni ó wọ ilé tàbí olè méjì." Ó fi í sí ẹ̀rọ. Kíá ni ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó ṣàlàyé pé kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ó ní ibi kékeré kan ní ẹ̀bá àárín àwo tí ó ti máa ń dán agbára lésà rẹ̀ wò, bí alásè ti í tọ́ ọbẹ̀ wò kí ó tó bù ú fún àlejò. Bí aró àwo náà kò bá dára, ẹ̀rọ kò ní mọ iye ooru tí ó yẹ kí ó lò, yóò sì kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé olè méjì ni ó wà nínú ilé: àwo burúkú àti eruku, ìkánjú mi sì ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú ìwà géńdékùnrin yìí, nítorí ó ju ọ̀rọ̀ àwo lọ. Èkínní, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó rọrùn tí kò sì náni lówó, kí ó tó dé orí èyí tí ó le. Èkejì, ohun kan ṣoṣo ni ó ń yí padà nígbà kan. Bí ó bá pààrọ̀ àwo, tí ó dín ìyára kù, tí ó sì nu ojú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ìbá yọrí, ṣùgbọ́n a kò ní mọ èyí tí ó ṣe é. Ẹ̀kẹta, kò gba ìròyìn ẹ̀rọ gbọ́ títí ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kẹrin, nígbà tí ó rí ìdí kan, kò tíì dáwọ́ dúró. Ó béèrè bóyá òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí gbogbo èyí bá sì ti kùnà, tí ẹ̀rọ náà ń kà ṣùgbọ́n tí kò kọ àwo rere kankan ní ìyára kankan lẹ́yìn tí a ti nù ún, nígbà náà ni a lè sọ pé lésà rẹ̀ ti darúgbó, kí a sì ra òmíràn. Ìyẹn ni ìdájọ́ ìkẹyìn, kì í ṣe ti àkọ́kọ́.

Ìtọ́jú àwo náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Etí àti ihò àárín ni kí a máa fi ọwọ́ dì mú, kí òróró ìka má baà bo ojú rẹ̀. Kí a má ṣe fi í sínú oòrùn, nítorí aró inú rẹ̀ ń ṣá bí aró aṣọ ti í ṣá. Kí a má ṣe fi ohun ìkọ̀wé ẹlẹ́nu ṣóńṣó kọ orúkọ sí ẹ̀yìn síídì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣọ́ ojú ìsàlẹ̀, wọn kò sì mọ̀ pé ojú òkè ni fàdákà súnmọ́ jù lọ. Lóòótọ́, ní òde òní, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun ni kò ní ẹ̀rọ àwo nínú mọ́. Fíláàṣì àti íntánẹ́ẹ̀tì ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ṣì wà nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ ilé wa, àwọn tí ó ń pa wọ́n mọ́ kò sì mọ̀ pé aró kì í wà títí láé. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀, kí ó tètè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, a kọ àwo mẹ́rin, mo fi mẹ́ta ránṣẹ́, mo sì fi ọ̀kan pamọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo pe ọmọ mi. Mo sọ fún un pé eruku àti ìkánjú bàbá rẹ̀ ni ó ṣe ohun tí mo fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn án, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì béèrè bóyá òun lè gbọ́ àwo náà. Àwa méjèèjì jókòó, a gbọ́ ọ títí dé òpin. Ìyá àgbà kú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Kí ọdún náà tó parí, kọ̀ǹpútà tí mo kó ohùn wọn sí náà bàjẹ́, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì lọ. Bí mo bá ti fi ìbínú ju ẹ̀rọ àwo nù ní ọjọ́ náà, tí mo sì sọ pé ó di ìgbà mìíràn, oríkì ilé wa ìbá ti bá ìyá àgbà wọ ilẹ̀.

Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ kan bá kọ̀ fún yín, tàbí tí ìṣirò kan bá le, tàbí tí ọ̀rẹ́ kan bá ṣe ohun tí kò yé yín, ẹ má ṣe yára dá ẹjọ́. Ẹ bi í ní ìbéèrè, ẹyọ kan lẹ́yìn ẹyọ kan, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.